Lẹ́tà ṣíṣí sí gbogbo òṣìṣẹ́ wa: ẹ ṣé fún iṣẹ́ tí a ti da kọnkéré bò

Ẹ̀yin ará mi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin bíríkìlà àti káfíńtà, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ irin, ẹ̀yin lébìrà, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin plọ́ńbà àti ẹ̀yin tí ẹ ń fa wáyà iná, ẹ̀yin ọlọ́dẹ, ẹ̀yin ẹnjiníà, àti ẹ̀yin ará ọ́fíìsì tí ẹ kì í jẹ́ kí ìwé wa dàrú,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú oòrùn, ẹ kú òjò, ẹ kú àdúrótì. Ọdún ti fẹ́ kógbá wọlé. Ẹ̀rọ ti ń padà sí àgbàlá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti ń ka irin àti pákó tó ṣẹ́ kù ní sítọ́ọ̀. Irú àsìkò yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ bíi tiwa máa ń kọ lẹ́tà tí wọ́n fi ń ka iye ilé tí wọ́n kọ́ àti iye afárá tí wọ́n parí. Inú mi dùn sí gbogbo ilé tí a fà lé onílé lọ́wọ́ lọ́dún yìí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fi owó wọn sí ìkáwọ́ wa. Ṣùgbọ́n àwọn ilé yẹn wà níta gbangba, ẹni tó bá ń kọjá lọ lè rí wọn. Ohun tí mo fẹ́ dúpẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé, kí àwọn ará ilé yín náà lè kà á, ni iṣẹ́ tí ẹ ṣe tí a ti da kọnkéré bò, tí a ti rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé lórí, tí a ti kùn lọ́dà, tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní kàn mọ́ títí ilé náà yóò fi gbó.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọjọ́ tí a da dẹ́kì kẹta ilé alájà mẹ́fà yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú yín wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní sáìtì mìíràn lè má tíì gbọ́. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ọkọ̀ kọnkéré àkọ́kọ́ fi dé. Ẹ̀rọ tó ń fa kọnkéré sókè ti wà ní ìdúró, wákàtí wákàtí la sì ń san owó rẹ̀. Àwọn tí yóò tẹ́ ẹ ti wọ bàtà òjò, ṣọ́bìrì ti wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnjiníà wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ọmọbìnrin tí kò tíì pẹ́ tó jáde ilé-ìwé, ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún òun nínú ọkọ̀ náà. Ó gbé kóònù irin rẹ̀ kalẹ̀ sórí irin pẹlẹbẹ, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kóònù yìí ga ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ó rọ kọnkéré sí i ní ìpele mẹ́ta, ó fi ọ̀pá irin gún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, ó wá fa kóònù náà sókè gbọọrọ, láìyí i, láìkánjú. Kọnkéré tó péye máa ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, á sì dúró. Èyí kò dúró. Ó tú palẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, omi sì ń ṣàn jáde létí rẹ̀.

Awakọ̀ ní wọ́n bu omi kún un kó má baà le sójú ọ̀nà nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ẹnìkan ní ọkọ̀ kan ṣoṣo ni, kí a dà á, kí èyí tó kàn máa bọ̀. Ọmọbìnrin náà kò gbé ohùn sókè. Ó ní ọkọ̀ náà yóò padà, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, ó sì fọwọ́ sí i. Bàbá fọ́máànù wa, tí wọ́n lè bí ẹnjiníà náà lọ́mọ, rìn lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ní, "Bí ẹnjiníà ṣe wí náà la ó ṣe é. Ẹ yí ọkọ̀ padà." Ọkọ̀ yí padà. Gbogbo èèyàn jókòó, wọ́n ń dúró de òmíràn títí oòrùn fi yọ sí wọn lórí.

Mo mọ iye tí ìdúró yẹn ná wa, nítorí iwájú mi ni ìwé owó ẹ̀rọ náà dé. Mo fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù náà mọ̀ ọ́n. Kọnkéré kì í gbẹ bí aṣọ ṣe ń gbẹ. Sìmẹ́ǹtì àti omi ló ń para pọ̀ di ohun tuntun tó ń le. Omi tó bá lé lórí ohun tí sìmẹ́ǹtì nílò kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbẹ̀. Bó bá fà lọ tán, ihò tíntìntín ló ń fi sílẹ̀, ihò yẹn ló sì ń gba agbára lọ́wọ́ kọnkéré. Láti 1918 ni Duff Abrams, onímọ̀ nípa kọnkéré ní Amẹ́ríkà, ti tẹ èsì ìdánwò rẹ̀ jáde ní Chicago pé bí omi bá ṣe pọ̀ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìmẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ ni agbára kọnkéré ṣe ń rẹlẹ̀ tó. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti mọ èyí, síbẹ̀ títí dòní olónìí, omi ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bù nígbà tí iṣẹ́ bá fẹ́ le. Kúúbù, ìyẹn bílọ́ọ̀kù kọnkéré kékeré tí a fi ń dán agbára wò, tí a ṣe láti inú ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn náà, tí a rì sínú omi tí a sì fọ́ lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, kọjá agbára tí ìwé béèrè. Àwọn tí yóò máa gbé inú ilé yẹn kò ní mọ orúkọ ọmọbìnrin yìí láéláé, bẹ́ẹ̀ orí iṣẹ́ rẹ̀ ni ibùsùn wọn máa wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ irin, tiyín tún yàtọ̀. Iṣẹ́ yín ni a máa ń bò mọ́lẹ̀ jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ ilé. Mo ti rí ọ̀gá yín ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìdàkọnkéré, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí pákó, tó na tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ irin, tó ń wá ibi tí bísíkíìtì ti ṣí kúrò. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí lè rò pé ẹyọ sìmẹ́ǹtì kékeré tí a ń kì bọ abẹ́ irin yẹn kò jẹ́ nǹkan. Òun ló ń jẹ́ kí irin ga kúrò lórí pákó, kí kọnkéré lè bò ó yípo. Irin tó bá fara kan pákó kò ní aṣọ lára. Bí a bá ti yọ pákó kúrò, afẹ́fẹ́ àti omi yóò rí i, yóò dípẹtà. Ìdípẹtà sì máa ń gba àyè ju irin tó jáde lára rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń ti kọnkéré láti inú títí yóò fi sán, tí yóò máa ṣí já bọ́. Kì í ṣe lọ́dún yìí ni àbùkù yẹn máa hàn, kì í sì í ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tó bá máa hàn, a ti gba owó wa tipẹ́, a ti gbàgbé sáìtì náà. Mo wá ń bi ara mi pé kí ló gbé àgbàlagbà dọ̀bálẹ̀ sórí pákó lálẹ́ nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè. Ìwà ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àti bàbá tó kọ́ ọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn káfíńtà àti àwọn onírin náà ni ìpè kan ti wá, tí mo mọyì gidigidi. Pílánù tí a gùn mọ́ ògiri ọ́fíìsì sáìtì fi irin mẹ́jọ hàn nínú òpó kan. Ìwé tuntun tó dé ní àárọ̀ ọjọ́ náà fi mẹ́fà hàn. Ìwé náà ní òǹtẹ̀, ó ní ìbuwọ́lùwé, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá wọn wí bí wọ́n bá tẹ̀ lé e. Wọn kò tẹ̀ lé e. Wọ́n pe ọ́fíìsì, wọ́n béèrè pé ta ló yí i padà, kí ló dé tó fi yí i, ṣé ẹni tó ṣe ìṣirò òpó náà mọ̀ sí i. Iṣẹ́ dúró lórí òpó yẹn títí ìdáhùn fi dé. Ìdáhùn tó dé ni pé ẹni tó ya ìwé tuntun náà mú òpó àjà òkè, ó kọ ọ́ sí ti ìsàlẹ̀.

Kò sí ibi tí irú ìbéèrè yìí ti wúlò ju inú iṣẹ́ wa lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje, ọdún 1981, afárá méjì tí àwọn èèyàn ń gbà rìn kọjá nínú hòtẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency ní Kansas City, Amẹ́ríkà, já lulẹ̀, ènìyàn 114 sì kú. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ọ̀pá irin kan náà ló gba inú afárá òkè kọjá dé ti ìsàlẹ̀, tí ó fi àwọn méjèèjì kọ́ sórí òrùlé. Kí iṣẹ́ lè rọrùn láti tò, wọ́n pín ọ̀pá yẹn sí méjì: ti ìsàlẹ̀ wá ń rọ̀ mọ́ afárá òkè dípò kó rọ̀ mọ́ òrùlé. Lójú, ìyàtọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ibi tí nọ́ọ̀tì ti di afárá òkè mú ń ru ẹrù ìlọ́po méjì. Wọ́n gbé àwòrán náà yí ká, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún ìṣirò náà ṣe. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ pe ọ́fíìsì lọ́jọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ fi àkókò ṣòfò.

Mo wá dé orí ẹni tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé-iṣẹ́ yìí kí dáadáa. Lébìrà ni, lọ́dọ̀ wa kò tíì lo ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, owó ojúmọ́ ló sì ń gbà. Wọ́n ń gbẹ́ kòtò fún páìpù omi ìdọ̀tí lẹ́yìn òjò ńlá kan. Ó gòkè wá mu omi, ó sì rí ilà kan lórí ilẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, tó lọ ní gbọọrọ lẹ́bàá kòtò náà, níbi tí ilẹ̀ ti ṣì dán láàárọ̀. Kò lọ wá ọ̀gá lọ. Ó pariwo pé kí gbogbo wọn jáde. Àwọn tó jù ú lọ nípò wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ dá a lóhùn pé kó jẹ́ kí àwọn parí èyí tó kù. Ó sọ̀ kalẹ̀ sórí àkàbà, ó na ọwọ́ sí i, ó sì dúró síbẹ̀ títí ẹni náà fi gòkè. Ẹ̀gbẹ́ kòtò náà ya lulẹ̀ kí wọ́n tó gbé pákó tí wọ́n máa fi tì í dé ibẹ̀. Ilẹ̀ tó kún ìwọ̀n mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀ àti mítà kan ní jíjìn máa ń wúwo tó tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ gbé kúrò láyà ara rẹ̀. Èyí tó ya wọ kòtò wa lọ́jọ́ náà ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Arákùnrin yìí ti di òṣìṣẹ́ olówó oṣù lọ́dọ̀ wa báyìí, kì í sì í ṣe àánú ni a fi ṣe é. Ojú tó ń wo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, ilé-iṣẹ́ wo ni yóò jẹ́ kó lọ? A ti ń fi irin pẹlẹbẹ ti ẹ̀gbẹ́ gbogbo kòtò tó bá ti kọjá mítà kan báyìí, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ líle, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀.

Mo ń gbọ́ tí àwọn àgbà kan nínú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ní ilé-iṣẹ́ wa nìkan, ń sọ pé iṣẹ́ ńlá kò lè lọ láìgba ẹ̀mí. Ọ̀rọ̀ yẹn ń bí mi nínú. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ afárá Golden Gate ní San Francisco láàárín 1933 sí 1937, ìṣirò tí wọ́n ń lò láyé ìgbà náà ni pé ẹnìkan yóò kú lórí mílíọ̀nù dọ́là kọ̀ọ̀kan tí a bá ná, bí ẹni pé ikú wà nínú ìwé ohun èlò. Afárá yẹn ná wọn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 35. Olórí ẹnjiníà wọn, Joseph Strauss, ta àwọ̀n sábẹ́ rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ó sì sọ akoto di dandan. Àwọ̀n yẹn gba ènìyàn 19 tó já bọ́. Ènìyàn 11 ló kú, mẹ́wàá nínú wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní oṣù Kejì 1937, nígbà tí pèpéle kan já tó sì fa àwọ̀n náà ya. Mọ́kànlá pọ̀, ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìṣirò "kò lè ṣe kó má ṣe" yẹn ṣe wó lulẹ̀ nígbà tí ẹnìkan kọ̀ láti gbà á. Nígbà tó yá, ní London, wọ́n kọ́ pápá ìdíje Olympic ti 2012 tán láìsí òṣìṣẹ́ kan tó kú lẹ́nu ìkọ́lé náà. Torí náà, ó ṣe é ṣe. Lọ́dún yìí, gbogbo yín lẹ padà sílé yín ní ẹsẹ̀ yín. Nínú gbogbo ohun tí mo ní láti ròyìn fún àwọn tó bá wa dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀, òun ni mo kọ sí ìlà àkọ́kọ́.

Àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró kì í ṣe oore tí mo ń ṣe fún yín. Àdéhùn 167 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ṣe ní 1988 lórí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ìkọ́lé ti sọ ọ́ gedegbe: òṣìṣẹ́ tó bá ní ìdí tó múná dóko láti gbà pé ewu ńlá rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí òun lẹ́tọ̀ọ́ láti kúrò níbẹ̀, kó sì tètè sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ohun tó wà lọ́wọ́ tèmi ni kí ẹ̀tọ́ náà má ná yín lówó. Ẹni tó bá dá iṣẹ́ dúró nítorí ewu, bó jẹ́ olówó ojúmọ́, owó ojúmọ́ rẹ̀ pé. Bí a bá yẹ ibẹ̀ wò tí a rí i pé kò séwu, owó rẹ̀ ṣì pé, a ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti kọ èyí sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ gbogbo yín kí ó má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nígbà tí èmi kò bá sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́dẹ, mo mọ̀ pé àwọn èèyàn rò pé olè nìkan lẹ wà fún. Ta ló ń bomi rin dẹ́kì nígbà tí gbogbo wa bá ti lọ sinmi ní ìparí ọ̀sẹ̀? Dẹ́kì tuntun dà bí ìkókó: ọjọ́ méje àkọ́kọ́ rẹ̀ ló fẹ́ ìtọ́jú jù. Bí oòrùn bá fa omi rẹ̀ gbẹ kí sìmẹ́ǹtì tó ṣiṣẹ́ tán, ojú rẹ̀ á sán, agbára rẹ̀ á sì dúró sí ìdajì ọ̀nà. Mo ti dé sáìtì lọ́jọ́ ìsinmi láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo bá àpò ọ̀gbọ̀ lórí dẹ́kì, ó tutù rinrin láti igun dé igun. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọlọ́dẹ náà. Bákan náà ni ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ wa, tí kì í jẹ́ kí àpò sìmẹ́ǹtì kan fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri, tó sì máa ń yarí bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé èyí tó dé kẹ́yìn ṣáájú èyí tó dé kọ́kọ́. Ẹ máa bá a lọ, ẹ má jẹ́ kí èmi gan-an fi ìkánjú gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, owó oṣù kò pẹ́ lọ́dún yìí. Mo fẹ́ kí àwọn tó wà ní sáìtì mọ ohun tó wà lẹ́yìn gbólóhùn kékeré yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn ìkọ́lé, ẹni tó gbé iṣẹ́ fúnni máa ń dá apá kan owó dúró, ó sábà máa ń jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí iṣẹ́ bá parí, ìdajì rẹ̀ yóò jáde. Ìdajì yòókù yóò dúró di ìgbà tí àkókò àtúnṣe bá pé, èyí tó lè tó ọdún kan. Ìyẹn bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé. Nígbà mìíràn, ìwé owó á wà lórí tábìlì ẹnìkan tí kò fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ti ṣiṣẹ́, ó sì ní ọmọ nílé-ìwé. Àwọn tó ń ṣírò owó wa ń tẹ̀ lé ìwé kọ̀ọ̀kan láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, wọ́n ń wọn iṣẹ́ tí a ṣe, wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ kó má baà di àríyànjiyàn. Èrò tèmi ni pé ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ òṣìṣẹ́ lówó kò lè kọ́ ilé tó dára, nítorí ẹni tí ebi ọmọ rẹ̀ wà lọ́kàn rẹ̀ kò lè fọkàn sí bísíkíìtì abẹ́ irin. Títí a ó fi ṣíwọ́ iṣẹ́, owó òṣìṣẹ́ ni yóò máa kọ́kọ́ jáde, ti àwa ọ̀gá yóò tẹ̀ lé e.

Àgbà bíríkìlà wa tó ga jù ń fẹ̀yìn tì ní ìparí oṣù yìí. Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí a pariwo yín. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ẹ kọ́ ti di ọ̀gá ní sáìtì mẹ́ta, ojú sì ń mọ ògiri wọn yàtọ̀: ìlà bílọ́ọ̀kù wọn kì í gun òkè gun ilẹ̀, ẹnu bílọ́ọ̀kù kan kì í bọ́ sórí ẹnu èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, igun ògiri wọn sì máa ń jókòó sára okùn ìwọ̀n bí ẹ ti máa ń ní kó jókòó. Mo rántí bí ẹ ṣe ní kí ọmọ iṣẹ́ kan tú ògiri ìdí ilé tó ti mọ dé ìbàdí, ó sì ń bẹ yín pé ìrẹ́ máa bò ó. Ẹ ní, "Ìrẹ́ máa bò ó fún onílé. Ṣé ó máa bò ó fún ìwọ tó mọ ọ́n?" Ọmọ náà tú u, ó tún un mọ. Ọ̀rọ̀ yín yẹn kọ́ èmi náà lẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń lò ní ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ tuntun tó ń fi ìlà iná hàn bóyá ògiri dọ́gba wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ń lò ó, ẹ̀yin náà kọ́ láti lò ó láìṣe ìgbéraga. A ti bẹ̀ yín kí ẹ máa wá ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wo iṣẹ́ àwọn ọmọ tuntun, ẹ sì ti gbà. Ẹ ṣeun, bàbá.

Ẹ̀yin aya, ọkọ, òbí àti ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ wa, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń fọ aṣọ tí sìmẹ́ǹtì ti le mọ́, ẹ̀yin lẹ ń dúró nígbà tí ìdàkọnkéré bá wọ òru, tí fóònù kò sì lọ. A kò san owó oṣù fún yín, ṣùgbọ́n ara iṣẹ́ yìí lẹ wà. Mo tọrọ ohun kan lọ́wọ́ yín. Ẹ bá wa bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìbòmú. Eruku tó ń jáde nígbà tí a bá ń gé kọnkéré, bílọ́ọ̀kù àti òkúta ní silica nínú, èròjà kan tó wà nínú iyanrìn, ó kéré débi pé ojú kò rí i, ó sì ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ jókòó. Àìsàn tó ń fà ń jẹ́ silicosis, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hàn, kò sì ní ìwòsàn. Láti ọdún tuntun, a kò ní gé kọnkéré gbẹ mọ́ ní sáìtì wa kankan. Ẹ̀rọ ìgékọnkéré tó ń tú omi ti dé, ó wà ní àgbàlá. Ìbòmú tuntun náà ti dé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ń wò ó bí ohun ojo. Bóyá wọ́n á gbọ́ tiyín ju tèmi lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìsinmi. Owó oṣù yìí àti owó àjẹmọ́nú ìparí ọdún yóò ti wọlé fún gbogbo yín, àti olówó ojúmọ́, kí a tó ti ilẹ̀kùn. Dẹ́kì tí a dà lọ́sẹ̀ yìí kò mọ̀ pé ọdún ń parí. Àwọn tó yọ̀ǹda láti máa bomi rin ín ní ìsinmi yóò gba owó ọjọ́ ìsinmi ní ìlọ́po méjì, orúkọ wọn sì wà lára pátákó sáìtì. Ẹ kó gbogbo àkàbà sí ibi tí a lè tì pa kí ọmọ aládùúgbò má baà gùn ún. Ẹ bo gbogbo orí irin tó yọ sókè. Ẹ sì bo gbogbo kòtò tàbí kí ẹ ṣọgbà yí i ká, kódà èyí tí kò jìn.

Nígbà tí a bá padà wọlé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun sikáfó kan, ìyẹn pèpéle tí a ń dúró lé ṣiṣẹ́ lókè, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn tó yẹ gbogbo ìdè àti pákó rẹ̀ wò, kó sì fọwọ́ sí káàdì tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti òjò kò lọ sinmi. Ìpàdé àárọ̀ àkọ́kọ́ yóò wáyé ní sáìtì ilé alájà mẹ́fà, n ó wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ gbọ́ láti ẹnu àwọn lébìrà ṣáájú àwọn ẹnjiníà. Ẹ mú gbogbo ohun tó bá ń dùn yín lọ́kàn wá nípa bí a ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùdarí ilé-iṣẹ́